Ooru fún Ọwọ́ Elisha

Ìbọ̀sẹ̀ ni ọkùnrin náà wọ̀ sí ọwọ́. Ohun tí Nọ́síràtù kọ́kọ́ rí nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ mú Òṣogbo débi pé a kò rí òrùlé tó wà ní òdìkejì títì: ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan lórí Honda àtijọ́, kóòtù tó tóbi jù ú lọ lọ́rùn rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tó ti já ní àtàǹpàkò lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti dúró, ó ti pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ọlọ́wọ́.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀ kẹ̀," Nọ́síràtù wí. "Àbí ẹ fẹ́ kí á wá gbé yín ni?"

"Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni kò fẹ́ tú."

Ó rò pé àwàdà ni, àfi ìgbà tó súnmọ́ ọn tó rí bí ètè rẹ̀ ṣe funfun. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìka rẹ̀ kúrò lára ọwọ́ máṣìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka náà tutù bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú yìnyín jáde. Ọkùnrin náà di ojú, ó di eyín, kò ké. Nígbà tí ìka tó kẹ́yìn tú, ó la ojú, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn bí Nọ́síràtù nínú, nítorí kò rí ohun tí ẹni tí ara ń ro tó bẹ́ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ náà ni ó ń rí i lójú ara rẹ̀.

Elisha Béjidé ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Iléṣà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń gún fún àwọn ọmọdé ní àwọn abà tó wà lọ́nà Ifẹ̀wàrà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń wá gba oògùn abẹ́rẹ́ náà ní Òṣogbo, inú kúlà tó kún fún yìnyín ni ó sì ń gbé e sí. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí oòrùn tó mú, kí yìnyín má baà yọ́ kí oògùn sì bàjẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kórìíra òtútù ju ohun gbogbo lọ ni ó wá ń fi yìnyín ṣiṣẹ́. Ayé mọ bí a ti ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́.

Mùstàfá, bàbá Nọ́síràtù, ni ó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní Ìgbọ̀nà. Iṣẹ́ rewáyà ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn títún wáyà iná ọkọ̀ àti máṣìn ṣe. Ìyá Nọ́síràtù ti kú, ojú bàbá rẹ̀ kò sì gbé wáyà tín-ín-rín mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí nìkan ni ó kù fún un, ó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà tinútòde. Àwọn oníbàárà tuntun a máa wá ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá wá a títí tí wọn kò rí i, wọn a fi máṣìn wọn sílẹ̀.

Elisha fa nǹkan kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Rọ́bà ọwọ́ máṣìn ni, irú èyí tí a máa ń dì mú bí a bá ń wa máṣìn lọ, ṣùgbọ́n wáyà wà nínú ìwọ̀nyí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní ìlú òyìnbó ni ó fi wọ́n ránṣẹ́. Bí iná bá wọ inú rọ́bà náà, á gbóná, ọwọ́ ẹni tó dì í mú á sì móoru. Gbogbo mẹkáníìkì tí ó gbé e lọ bá ní Iléṣà ni ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tilẹ̀ bi í bóyá kí òun bá a gbé ààrò sórí ìjókòó rẹ̀ pẹ̀lú.

Mùstàfá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fi ìka wá inú rọ́bà náà wò, ó mi orí, ó ní máṣìn náà ti dàgbà, iná tó ń mú wá kò ju èyí tí iná iwájú rẹ̀ ń lò lọ, rọ́bà yìí yóò kàn fa bátìrì gbẹ ni. Ó nà án padà sí Elisha.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi," Nọ́síràtù wí.

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. Nọ́síràtù kì í gba iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ bá ti kọ̀.

Iṣẹ́ náà kò yá. Elisha kò lè fi máṣìn sílẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni Nọ́síràtù ń ṣe é, ní ọjọ́ tó bá wá gba oògùn. Ó tú kọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi wáyà tó nípọn tún un lọ́ kí iná lè pọ̀ sí i, ó sì pààrọ̀ bátìrì sí èyí tó lágbára. Nígbà tí ó dán rọ́bà náà wò, ti ọwọ́ òsì kò gbóná tó ti ọ̀tún. Ó rò ó títí kí ó tó mọ̀ pé irin tó wà nínú rẹ̀ ni ó ń fa ooru náà mọ́ra. Ó gé tíúbù kẹ̀kẹ́, ó fi wé irin náà dáadáa, kí ó tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Ti ọ̀tún, èyí tí a ń yí kí máṣìn lè sáré, ó jẹ́ kí wáyà rẹ̀ gùn díẹ̀ kí yíyí náà má baà já a.

Elisha a máa jókòó sórí bẹ́ńṣì, a máa fi ife ògì gbígbóná yá ọwọ́. Ọ̀gá ni ó ń pe Nọ́síràtù. Ọmọ òṣómàáló ni Nọ́síràtù ń pè é, bí gbogbo èèyàn ti máa ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà nítorí àwọn baba wọn tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri.

"Bí àwọn baba yín ṣe ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ lóṣòó sí ṣọ́ọ̀bù wa," ó wí fún un lọ́jọ́ kan.

"Wọ́n máa ń gba tiwọn kí wọ́n tó dìde," Elisha dá a lóhùn. "Èmi náà kò ní dìde."

Nọ́síràtù rẹ́rìn-ín débi pé pílásì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìborí tó dára jù ni ó ń wé ní ọjọ́ oògùn. Mùstàfá tí kò rí wáyà tín-ín-rín mọ́ rí ìyẹn kedere.

Elisha kò fi nǹkan pamọ́ fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ tún le, ó sọ ìdí tí òtútù fi ń bá a jà. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni, Nọ́sírà. SS ni mí." Ó ṣàlàyé pé ìyá òun fún òun ní ìdajì rẹ̀, bàbá òun tó ti kú fún òun ní ìdajì tó kù, tí àwọn méjèèjì kò sì mọ̀. Bí òtútù bá mú òun tàbí tí òun bá ṣe làálàá jù, ẹ̀jẹ̀ náà á dì nínú òpó rẹ̀, eegun á sì máa ro òun bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Kì í ṣe gbogbo àwọn bíi tòun ni ó ń dàgbà. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, òun kàn sọ ti ẹ̀jẹ̀ ṣáájú kí ó lè kọ òun bó bá fẹ́ kọ̀ ni.

Nọ́síràtù gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Abdulhameed, ni ó ń rò. Láti kékeré ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Abdulhameed ti máa ń wú, tí ẹyinjú rẹ̀ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ ọsàn. Àbíkú ni gbogbo àdúgbò pè é. Nọ́síràtù kéré nígbà náà, òun ni ó máa ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú tí ìrora bá dé. Nígbà tí ọmọ náà kú, àwọn àgbà ilé fi abẹ sàmì sí i lára kí ó má baà padà wá, Mùstàfá sì dúró níbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Nítorí náà, Nọ́síràtù mọ ohun tí Elisha ń bi òun dáadáa ju bí Elisha ṣe rò lọ.

"Jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ọwọ́ mi ná," ni èsì tí ó fún un.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti fẹ́ parí ni ó ti ṣe àṣìṣe. Òfin Mùstàfá ni pé gbogbo wáyà tí a bá fi sára máṣìn gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ kọjá, kí ó lè jẹ́ pé bí a bá ti pa kọ́kọ́rọ́, ohun gbogbo pa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá kan wà tí gbogbo oníṣẹ́ rewáyà mọ̀, dáírẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é: kí a fa wáyà láti orí bátìrì tààrà láìgba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Mùstàfá kì í gbà á láyè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nọ́síràtù wá ń rò ó bí Elisha yóò ṣe máa jáde sí inú ọyẹ́ ní ìdájí, tí ìka rẹ̀ yóò gan tí kò ní lè yí kọ́kọ́rọ́ pàápàá. Ó fẹ́ kí rọ́bà náà ti gbóná dè é. Ó fi dáírẹ́ẹ̀tì so ó, ó fi súìsì kékeré kan sí abẹ́ ìjókòó, ó kìlọ̀ fún Elisha pé kí ó máa rántí pa á tó bá ti sọ̀kalẹ̀. Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó ṣe é, kò sí ohun mìíràn tí a lè pè é.

Elisha di rọ́bà náà mú. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un dì mú, omi sì dà lójú rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun kò mọ̀ pé ọyẹ́ lè wà níta kí ọwọ́ òun sì máa móoru.

"Mo gbà," Nọ́síràtù wí.

"O gba kí ni?"

"Ohun tí o bi mí."

Ayọ̀ náà kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Elisha lọ sí abà kan tó jìn sí Ifẹ̀wàrà. Àwọn ìyá ti tò sílẹ̀ dè é pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó gbé kúlà, ó sáré wọlé bá wọn, ó gbàgbé súìsì abẹ́ ìjókòó. Títí tí ó fi gún ọmọ tó kẹ́yìn ní abẹ́rẹ́ ni rọ́bà náà ń gbóná lásán nínú oòrùn. Nígbà tí ó padà dé ìdí máṣìn, bátìrì ti gbẹ, Honda àtijọ́ yẹn kì í sì í ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì. Kò sí ọkọ̀ ní abà náà. Ó ń ti máṣìn náà lọ títí tí òógùn fi bò ó, ilẹ̀ ṣú bá a lọ́nà, ọyẹ́ sì pàdé òógùn náà lára rẹ̀. Àwọn tó ń kó kòkó lọ sí Iléṣà ni ó rí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dùbúlẹ̀ ti máṣìn náà ní ẹ̀bá ọ̀nà, kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn ni ó wá gba oògùn ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹnu onítọ̀hún sì ni Nọ́síràtù ti gbọ́. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà lójú ẹsẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, Elisha ń kérora lórí ibùsùn, omi ń kán sí i lára, kò sì dá Nọ́síràtù mọ̀. Phebe, ìyá rẹ̀, opó tí gbogbo ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àdúgbò wọn mọ̀ sí ẹni jẹ́jẹ́, ni ó jókòó tì í. Ó ní bátìrì ló dá ọmọ òun dúró sínú igbó, òun kò mọ ohun tó fa bátìrì gbẹ.

Nọ́síràtù mọ̀ ọ́n. Ó lè dákẹ́. Kò sí ẹni tí ì bá bi í. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo so wáyà náà. N kò gbé e gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo fà á."

Phebe kò mọ nǹkan kan nípa wáyà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀bi tí ó bá rí i. Kò pariwo. "Máa lọ sí ulé rẹ," ó wí ní ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ̀. "Má padà wá síbí yìí mọ́."

Nọ́síràtù dìde. Kí ó tó kúrò nínú ọgbà náà, ó yà sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó na apá. Obìnrin tó wà níbẹ̀ sọ èsì rẹ̀ fún un lóhùn pẹ̀lẹ́: AS ni. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ní SS ni ó fẹ́ fẹ́, ìdajì ọmọ tí wọ́n bá bí ni yóò máa sunkún bí ẹni tó wà nínú wọ́ọ̀dù yẹn.

Ó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Lórí ti dáírẹ́ẹ̀tì, ohun tí Mùstàfá sọ kò ju pé, "Mo sọ fún ọ." Lẹ́yìn náà ó bi í léèrè ohun mìíràn.

"Ti Abdulhameed, ṣé ẹ̀jẹ̀ náà ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Bàbá. Tiyín àti ti ìyá mi."

"A fi abẹ kàn án," Mùstàfá wí. "A ní kí ó má padà wá." Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún, bẹ́ẹ̀ Nọ́síràtù kò rí i kí ó sunkún ní ọjọ́ tí ọmọ náà kú. Nígbà tí ó gbé ojú sókè, ó ní òun kò fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà. Kò tilẹ̀ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ó ní òun kò ní jókòó kí Nọ́síràtù sin ọkọ kí ó tún sin ọmọ.

Ọyẹ́ ti lọ kí Elisha tó lè dìde. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́, ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Ó wọ ọkọ̀ wá sí Òṣogbo, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ní òun ti gbọ́ ní ilé ìwòsàn ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Nọ́síràtù, ó sì yẹ kí àwọn fi ara àwọn sílẹ̀. Kò bínú rárá nípa wáyà. Ó ní òun ni òun gbàgbé súìsì.

"Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí ọmọ ọlọ́mọ má kú," ó wí. "N kò lè bí èyí tí màá jókòó tì tí màá máa wo ikú rẹ̀."

"Ta ló ní kí a bí i?"

Elisha wò ó.

"N kò ní bímọ fún ọ, Elisha, ìwọ náà kò ní bí fún mi," Nọ́síràtù wí. "Àwa méjì náà nìyẹn. Bí o bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ sọ fún màmá ẹ. Bí o kò bá fẹ́, sọ ọ́ ní ojú mi níbí."

"Mo lè kú kí o tó di ẹni ogójì ọdún."

"Mo mọ̀. Mo ti rò ó mọ́ ọn."

Ọ̀rọ̀ kì í rọrùn ju báyìí lọ láti sọ, kì í sì í nira ju báyìí lọ láti gbé. Ní ilẹ̀ wa, wọ́n máa ń bi ìyàwó léèrè oyún kí ó tó mọ ibi tí kànga wà nílé ọkọ. Elisha sunkún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó lọ sílé lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Phebe tó fara hàn ní Ìgbọ̀nà, òun nìkan, pẹ̀lú ìborí ṣọ́ọ̀ṣì lórí. Nọ́síràtù fẹ́ kúnlẹ̀, Phebe gbá a lápá mú, ó kọjá lọ bá Mùstàfá.

"Bàbá, èmi ni mo lé ọmọ yín lọ. Mo wá tọrọ rẹ̀."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn kò ní bímọ?"

"Elisha sọ ọ́. Mo bínú sí i, n kò fún un lóúnjẹ." Phebe jókòó. "Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó. Èmi àti bàbá rẹ̀ ni a fún un ní ẹ̀jẹ̀ yẹn, a kò mọ̀. Àwọn wọ̀nyí mọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní fún ẹnikẹ́ni. N kò rí ohun tí mo lè bá wọn jà sí."

"Èmi náà fún tèmi," Mùstàfá wí, ó sì sọ ti Abdulhameed fún un, títí kan ti abẹ náà tí kò tíì sọ fún àlejò kankan rí. Phebe kò bá a sọ pé ó tó, kò sì ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ó kàn bi í bí ọmọ náà ṣe máa ń ṣe tí ara rẹ̀ bá yá, àwọn méjèèjì sì jókòó síbẹ̀ títí tí ìrọ̀lẹ́ fi dé, wọ́n ń sọ bí ọmọ wọn kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Phebe fẹ́ máa lọ, Mùstàfá ní òun yọ̀ǹda. Ó ní kí olúkúlùkù di ẹ̀sìn rẹ̀ mú, kí wọ́n lọ ṣe é ní kóòtù.

Wọ́n gbé máṣìn náà wá láti Iléṣà. Nọ́síràtù tú dáírẹ́ẹ̀tì náà, ó fa wáyà náà gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́, Mùstàfá sì fi ìka tọ wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó ní ó ti dára. Ìbàdí Elisha kò gbà kí ó wa máṣìn mọ́. Nọ́síràtù ni yóò máa wà á lọ sí àwọn abà, Elisha yóò sì máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kúlà.

Òjò ń rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà, àwọn tó wá kò sì pọ̀. Àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí kọ̀ láti wá nítorí ẹ̀sìn, àwọn mìíràn nítorí ọ̀pá tí ọkọ ìyàwó ń fi rìn. Ẹyinjú Elisha pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní ọjọ́ náà, ó ní láti jókòó lẹ́ẹ̀mejì kí ètò tó parí. Nígbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé, ìyá àgbà kan láti ìdílé Mùstàfá, tí kò mọ nǹkan kan, dìde láti ṣe àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe fún gbogbo ìyàwó.

"Ẹ̀yìn ìyàwó wa kò ní mọ ẹní," ó bẹ̀rẹ̀. "Ní oṣù mẹ́sàn-án òní..."

Nọ́síràtù wo ilẹ̀. Elisha wá ọwọ́ rẹ̀, ó dì í mú. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe Àmín, Phebe ti na ọwọ́ sókè.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é," ó wí.

Ó dúró níwájú wọn. Gbogbo ohun tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ tí ó ti bí Elisha ni ó wà nínú àdúrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró yẹn, òun fúnra rẹ̀ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó na ọwọ́.

"Ọlọ́run," Phebe wí, "jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lọ́wọ́ ara wọn."

Mùstàfá ni ó kọ́kọ́ ṣe Àmín.